Oògùn ẹsẹ̀ tí kì í jẹ́ ká sùn: bí a ṣe ń ṣọ́ ìwà tó lè yí padà lára ẹni tó ń lò ó

Àìsàn kan wà tó jẹ́ pé bí alẹ́ bá ti lẹ́, ẹsẹ̀ á máa yún èèyàn nínú eegun, á máa ṣe é bí ẹni pé kòkòrò ń rìn nínú ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀, àfi kó dìde rìn kó tó rọlẹ̀. Restless legs syndrome, RLS, ni àwọn dókítà ń pè é. Ó ní oògùn. Ṣùgbọ́n ìdílé kan wà lára àwọn oògùn náà tó lè sọ ẹni tí kò ta tẹ́tẹ́ rí di atatẹ́tẹ́, tó lè mú kí ẹni tó máa ń ṣọ́wó ná máa rajà láago méjì òru. Orí onítọ̀hún kò dàrú, ẹnikẹ́ni kò sì fi nǹkan ṣe é. Ẹni tó ń lo oògùn yìí kì í sábà rí ìyípadà náà lára ara rẹ̀. Ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ máa bá a ṣọ́ ọ, ìṣọ́ ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí hóró àkọ́kọ́ tó dé ẹnu.

Ẹ yẹ páálí oògùn wò

Orúkọ mẹ́ta ni kí ẹ wá: pramipexole, ropinirole àti rotigotine. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ sọ ọ́ lè wà níwájú páálí gàdàgbà, kí orúkọ oògùn gan-an wà lábẹ́ ẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké. Pramipexole ni Mirapex ní Amẹ́ríkà, òun náà ni Mirapexin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ropinirole ni Requip, ó sì tún ń jẹ́ Adartrel nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Rotigotine ni Neupro, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara bíi pílásítà, tí wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn oògùn yìí kan náà ni wọ́n ń fún àwọn tó ní àrùn Parkinson, èyí tó máa ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n. Ìwọ̀n tiwọn máa ń pọ̀ ju ti ẹni tó ń lò ó nítorí ẹsẹ̀ lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n gidi gan-an.

Ẹ ṣọ́ra fún òǹkà tó wà lórí pramipexole. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n á kọ 0.125 mg, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á kọ 0.088 mg. Oògùn kan náà ni, ọ̀nà tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀. Bákan náà ni 0.25 mg àti 0.18 mg, bákan náà sì ni 0.5 mg àti 0.35 mg. Ẹni tó kó láti Houston lọ sí Lọ́ńdọ́nù lè rò pé wọ́n dín oògùn òun kù, kó wá fi hóró kan kún un, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó dín in kù. Bí ọmọ tó wà lókè òkun bá sì fẹ́ fi irú oògùn yìí ránṣẹ́ sílé fún bàbá tàbí ìyá, kó má ṣe yọ ọ́ kúrò nínú páálí nítorí àyè ẹrù. Bébà tí wọ́n ká sínú páálí ni wọ́n kọ ìkìlọ̀ nípa tẹ́tẹ́, rírajà àti ìbálòpọ̀ sí.

Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹsẹ̀ kéré. Pramipexole máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 0.125 mg, wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú oorun. Ropinirole máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 0.25 mg, wákàtí kan sí mẹ́ta ṣáájú oorun, kì í sì í ju 4 mg lọ lóòjọ́. Rotigotine máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 1 mg fún wákàtí 24, òpin rẹ̀ sì ni 3 mg. Tí tiyín bá ju èyí lọ, tó sì jẹ́ pé tìtorí ẹsẹ̀ nìkan lẹ ṣe ń lò ó, ẹ béèrè ìdí lọ́wọ́ dókítà.

Gabapentin àti pregabalin, tí wọ́n tún máa ń kọ fún ẹsẹ̀ yìí, kì í ṣe ara ìdílé yìí. Wọ́n ní wàhálà tiwọn: òòyì, oorun àsùnjù, sísanra, àti ewu ńlá tí wọ́n bá pàdé ọtí tàbí oògùn ìrora bíi tramadol. Ṣùgbọ́n wọn kì í ti èèyàn sídìí tẹ́tẹ́ bí àwọn mẹ́ta yẹn ṣe ń ṣe. Ní ọdún 2025, American Academy of Sleep Medicine, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà, gbé ìtọ́sọ́nà tuntun jáde pé kí wọ́n má fi pramipexole, ropinirole àti rotigotine ṣe oògùn tí wọ́n á máa kọ fún ẹlẹ́sẹ̀ (ẹni tó ní àìsàn ẹsẹ̀ yìí) gẹ́gẹ́ bí ìṣe mọ́. Gabapentin, pregabalin àti àfikún irin inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n tì síwájú. Tó bá ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ tiyín fún yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.

Ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀

Dopamine jẹ́ èròjà tí ọpọlọ fi ń darí bí ara ṣe ń gbéra, òun náà ló sì fi ń sọ fún wa pé nǹkan kan dùn, ká tún un ṣe. Àwọn oògùn yìí ń ṣe bíi dopamine. Ibi kan tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ jù ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní D3, ó sì pọ̀ ní apá ọpọlọ tó ń rí sí adùn àti ìfẹ́ ọkàn. Bó ṣe yẹ kó rí, tí èèyàn bá ta tẹ́tẹ́, tí kò jẹ, dopamine rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ara á sì sọ fún un pé ó tó. Oògùn kì í lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wà níbẹ̀ digbí, ó ń tì í lọ síwájú, àdánù kò sì dùn ún mọ́ bó ṣe yẹ. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń tẹ̀ lé nìyí, òun náà ló sì jẹ́ kó yé wa ìdí tí ìbáwí, ẹ̀jẹ́ àti ìwàásù kì í fi í tán an, níwọ̀n ìgbà tí oògùn bá ṣì ń wọlé.

Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2010 láti Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, bíi 17 nínú 100 ẹlẹ́sẹ̀ tó ń lo irú oògùn yìí ló ní ó kéré tán ọ̀kan nínú àwọn ìwà wọ̀nyí, ó sì máa ń tó bí oṣù mẹ́sàn-án kó tó yọjú. Oṣù mẹ́sàn-án! Ta ni yóò tún rántí pé oògùn ẹsẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀? Ó tún lè jẹ́ pé ìwọ̀n tó kéré kò ṣe nǹkan kan fún ọdún méjì, kó jẹ́ ìgbà tí wọ́n fi kún un ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kí ẹ tó gbé hóró àkọ́kọ́ mì

Ẹ ní kí wọ́n yẹ irin inú ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ferritin ni orúkọ àyẹ̀wò náà. Ilé àyẹ̀wò lè sọ pé 30 dára, ṣùgbọ́n fún ẹlẹ́sẹ̀, tí ferritin bá wà ní 75 ng/mL tàbí kó kéré sí i, ó tó ohun tí dókítà fi ń ronú nípa fífi irin kún un. Àárọ̀ ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà, kí ẹ má sì lo oògùn irin kankan láti ọjọ́ tó ṣáájú. Bí ibà tàbí àìsàn mìíràn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yín, ẹ sọ fún dókítà, torí ferritin máa ń gòkè nígbà àìsàn, ó sì lè bo àìtó irin mọ́lẹ̀. Ẹ má lọ ra oògùn irin fúnra yín láìṣe àyẹ̀wò, irin tó pọ̀ jù ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Àìmọye ẹsẹ̀ ló ti rọlẹ̀ pẹ̀lú irin nìkan, tí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ kò sì wáyé rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé sórí tábìlì. Piriton, Phenergan àti Benadryl, táwọn èèyàn máa ń lò kí wọ́n lè sùn, lè mú ẹsẹ̀ burú sí i. Plasil tí wọ́n ń lò fún èébì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn oògùn ìdààmú ọkàn kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ má dá àwọn yẹn dúró fúnra yín, ẹ kàn fi han dókítà. Ọtí àti kọfí ìrọ̀lẹ́ náà kì í ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ sọ ìtàn yín láìfi ohunkóhun pa mọ́. Bí ẹ bá ti ta tẹ́tẹ́ rí, tàbí ọtí ti mú yín rí, tàbí bàbá yín ta ilẹ̀ ìdílé sídìí tẹ́tẹ́, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀, torí ewu tiyín ga ju ti ẹlòmíì lọ. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà wà lára ohun tó yẹ kó mọ̀. Èyí kò wá sọ pé ẹni tí kò nírú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti bọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì rí.

Níkẹyìn, ẹ yan olùṣọ́ kan, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé tàbí tẹ́ ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Kí òun náà ka bébà inú páálí. Ẹ jọ kọ bí nǹkan ṣe rí báyìí sílẹ̀, pẹ̀lú déètì: iye tẹ́ ẹ ń ná lóṣù yàtọ̀ sí owó ilé àti oúnjẹ, iye tẹ́ ẹ fi ń ta tẹ́tẹ́ (kódà kó jẹ́ òdo), ìgbà tẹ́ ẹ ń sùn, bẹ́ ẹ ṣe wọ̀n tó, ìgbà mélòó tẹ́ ẹ ń jẹun lóru. Ìwé yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó máa rántí bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀, àríyànjiyàn ló sì máa kù.

Ohun tí olùṣọ́ ń ṣọ́

Tẹ́tẹ́ lèèyàn máa ń kọ́kọ́ rò. Bóyá ti bọ́ọ̀lù orí fóònù ni, bóyá Bàbá Ìjẹ̀bú ni, bóyá káàdì họra-họra tí wọ́n ń tà lórí káńtà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo áléètì báńkì: owó kéékèèké tó ń jáde léraléra láàárín ọ̀gànjọ́ òru sí ìdájí. Ẹ tún wo bóyá ó ti ń yá owó lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń yáni lówó lórí fóònù.

Rírajà máa ń ṣòroó dá mọ̀, pàápàá lára ẹni tó ti fẹ́ràn aṣọ tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń tú u fó ni ẹrù tí wọn kò tú: páálí tó ń kó jọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aago mẹ́rin tó jọra, léèsì tí kò gbé fún télọ̀ rí. Ẹni náà kò fẹ́ ẹrù, rírà gan-an ló ń fà á.

Jíjẹ: ó ń jí dìde lóru lọ jẹ búrẹ́dì odidi tàbí ọbẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò, ara rẹ̀ sì ń wúwo sí i. Ìbálòpọ̀: ó ń béèrè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì, tàbí ó ń wo àwòrán ìhòòhò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tàbí ó ń wá ẹlòmíì lọ síta. Èyí làwọn èèyàn máa ń fi pa mọ́ jù, òun ló sì ń tú ilé ká kíákíá. Ìyàwó tó rò pé ọkọ òun ti yíwà padà, tàbí ọkọ tó rò bẹ́ẹ̀ nípa ìyàwó rẹ̀, lè má ronú kan oògùn láé.

Àwọn méjì mìíràn wà tí ojú kì í sábà tó. Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ tí kò nítumọ̀ tó ń ṣe ní àṣetúnṣe: ó ń tú rédíò palẹ̀, ó ń tò ó padà, ó ń to bọ́tìnì àti ṣọ́ọ̀kì lẹ́sẹẹsẹ títí ilẹ̀ fi mọ́, inú sì ń bí i tí ẹnikẹ́ni bá ní kó wá sùn. Èkejì ni fífi owó tọrẹ lọ́nà tí kò bójú mu. Láàárín wa, a máa ń yin ọlọ́wọ́ lílà, nítorí náà àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lóde àríyá tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì á kàn máa ṣàdúrà fún un ni. Ẹ fi ohun tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ẹni tó máa ń náwó lóde látijọ́ kò yí padà. Ẹni tó jẹ́ pé oṣù yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ilé ìwé ọmọ náwó fún onílù ni kí ẹ fura sí.

Ẹ ṣọ́ oorun òjijì pẹ̀lú. Àwọn oògùn yìí lè mú kí èèyàn sùn lọ lójú ẹsẹ̀, láìrẹ ẹ́, láìyán rárá, kódà lẹ́yìn ìdarí mọ́tò. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó má wakọ̀ mọ́ títí dókítà á fi sọ̀rọ̀.

Ẹ tún kíyè sí ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ohun tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́wàá alẹ́ bá ti ń bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́rin ọ̀sán, tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó ti dé apá, oògùn náà ti ń sọ àìsàn di líle nìyẹn. Augmentation ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń ṣe aláìsàn bíi kó fi hóró kan kún un. Ìrọ̀lẹ́ mélòó kan á dára, lẹ́yìn náà á tún burú, wọ́n á tún fi kún un. Ọ̀nà yìí gan-an ni ìwọ̀n oògùn fi ń gun òkè títí ìwà á fi yí. Tó bá ti dé ibẹ̀, ẹ má fi kún un. Ẹ padà lọ bá dókítà.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí olùṣọ́ béèrè ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Nílé ìwòsàn náà, wọn kì í sábà béèrè, nítorí náà ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ mú u sọ.

Bí ẹ ó ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀

Ìtìjú ló máa ń bo ọ̀rọ̀ yìí, irọ́ ló sì máa ń tẹ̀ lé ìtìjú. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oògùn. Ìyàwó lè sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, mo ka bébà inú oògùn ẹsẹ̀ yín. Wọ́n ní ó lè mú kí èèyàn máa ṣe ohun tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀, bíi tẹ́tẹ́ tàbí rírajà. Ṣé ẹ ti kíyè sí irú ẹ̀ lára yín? Tó bá wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi yín, ẹ jẹ́ ká sọ fún dókítà." Ọmọ kò lè bá bàbá rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ẹgbẹ́ bàbá, àbúrò wọn ọkùnrin, tàbí nọ́ọ̀sì tó dàgbà, kí onítọ̀hún bá wọn sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.

Bí ìdílé bá ti gbà pé ayé ló ń ṣe é, ẹ má bá wọn jà. Kí àdúrà máa lọ, kí ẹ̀yin náà máa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ kàn rí i dájú pé wọn kò ní kó má lo oògùn mọ́ nítorí ààwẹ̀, ìdí rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ yìí.

Bí ẹ bá ti rí i, ẹ tò ó báyìí

1. Ẹ má dá oògùn dúró lójijì, ẹ má sì fi kún un. Ẹni tó ti ń lò ó látọjọ́ pípẹ́, tó wá fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lè bọ́ sínú ìpayà, òógùn, ìrora ara, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti òùngbẹ oògùn. Ẹsẹ̀ náà á sì padà pẹ̀lú agbára, oorun lè má sí fún òru mélòó kan.

2. Ẹ pe dókítà láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ má dúró de àdéhùn oṣù mẹ́ta. Ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fi kún un kẹ́yìn, ìwà tó yí padà, iye owó tó ti lọ. Ẹ mú ìwé àkọ́kọ́ yẹn dání.

3. Ẹ béèrè bí wọ́n á ṣe máa dín in kù. Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń yọ díẹ̀díẹ̀, bíi 0.125 mg pramipexole lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tó tún yọ òmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ fi oògùn ìdílé mìíràn bíi gabapentin sí i kí ẹsẹ̀ lè rí ohun dì mú. Hóró tí wọ́n ṣe kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru kò ṣeé kán sí méjì, bẹ́ẹ̀ ni pílásítà Neupro kò ṣeé gé.

4. Bó bá ń sọ pé ayé ti sú òun, tàbí pé ikú sàn ju gbèsè lọ, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ pe 999 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 911 tàbí 988 ní Amẹ́ríkà, 112 ní Nàìjíríà, tàbí kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn tó súnmọ́ yín jù.

Owó kò gbọ́dọ̀ dúró de dókítà

Ní ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fura ni kí ẹ ti ti ilẹ̀kùn owó. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ báńkì ní bọ́tìnì kan nínú ètò wọn lórí fóònù tó ń dí owó tẹ́tẹ́ lọ́nà. Tí èèyàn bá fẹ́ ṣí i padà, wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kó dúró fún wákàtí púpọ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GAMSTOP pẹ̀lú. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ti gbogbo ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní ìwé àṣẹ níbẹ̀ pa mọ́ onítọ̀hún fún oṣù mẹ́fà, ọdún kan tàbí ọdún márùn-ún. Ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà 1-800-GAMBLER á sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yín.

Ní Nàìjíríà, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ náà pé kí wọ́n ti àkáǹtì rẹ̀ pa, kí ẹ dín iye tó lè jáde lóòjọ́ kù ní báńkì, kí owó oṣù máa wọ àkáǹtì mìíràn tí ẹni méjì ń buwọ́ lù. Àmọ́ bọ́tìnì kankan kò lè dí owó ọwọ́ lọ́nà. Ẹni tó ń ta lọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù kò béèrè káàdì. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ òòjọ́ ni kó wà lápò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, pẹ̀lú ìmọ̀ àti ìfọwọ́sí òun fúnra rẹ̀. Ìwé ilẹ̀, ìwé mọ́tò àti owó àjọ, kí ẹlòmíì tó fọkàn tán bá a tọ́jú wọn.

Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà tó sọ pé oògùn ló fa ìwà náà. Ẹ ó nílò rẹ̀ níwájú àwọn tó jẹ ní gbèsè àti níbi iṣẹ́, nígbà mìíràn níwájú ìdílé ìyàwó pàápàá.

Lẹ́yìn tí oògùn bá lọ

Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ìfẹ́ ọ̀hún máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá dín oògùn kù tàbí tí wọ́n dá a dúró. Lára àwọn kan, tẹ́tẹ́ ti di àṣà kó tó dìgbà yẹn, wọ́n á nílò ìtọ́jú tẹ́tẹ́ gan-an. Kí olùṣọ́ má kúrò nídìí iṣẹ́ lọ́jọ́ tí hóró ìkẹyìn bá tán. Kó máa wo áléètì náà fún oṣù mẹ́fà sí i.

Ẹ jábọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún àwọn tó ń ṣọ́ ewu oògùn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Yellow Card ni. Ní Amẹ́ríkà, MedWatch. Ní Nàìjíríà, NAFDAC. Aláìsàn tàbí ará ilé rẹ̀ lè jábọ̀, kò di dandan kó jẹ́ dókítà.

Kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀, níbi tí wọ́n ń kọ oògùn tí kò bá ara mu sí. Dókítà mìíràn lè tún kọ ìdílé oògùn yìí fún un lọ́jọ́ iwájú láìmọ̀. Ó lè jẹ́ nítorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Tó bá jẹ́ obìnrin tó ń wá ọmọ ni, ó lè jẹ́ cabergoline tàbí bromocriptine tí wọ́n fi ń dín prolactin, èròjà ara tó ń mú kí ọmú ní wàrà, kù. Ìkìlọ̀ kan náà wà lórí àwọn méjèèjì.